Búrẹ́dì Tí Birikila Fi Omi Rin

Ọjọ́ 3, oṣù kejì

Tọ́rọ́ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn kò mú ọ jù? Èmi náà wà bí mo ṣe wà. Mo mọ̀ pé o máa béèrè ìdí tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù ń jẹ owó bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé: ó ń jẹ, kò sì yó. Lẹ́tà ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan là ń sanwó rẹ̀. Èyí tó o kọ kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá, mo ti kà á nígbà 31, kò sì sí ẹni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Òùngbẹ ń gbẹ mí ju bó ṣe yẹ lọ, mo bá lọ rí dókítà. Wọ́n gún mi níka, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní nọ́ńbà ṣúgà inú rẹ̀ tó yẹ kó wà ní mẹ́fà ti gun mọ́kànlá. Dókítà béèrè ohun tí mò ń jẹ láàárọ̀. Mo sọ òótọ́ fún un: ìdajì búrẹ́dì aládùn, àti tíì tí mo fi ṣúgà oníhóró mẹ́rin sí. Ó ní láti ìgbà wo. Mo ṣírò rẹ̀ níwájú rẹ̀: ọdún 22, ìyẹn odindi búrẹ́dì 4,015, àti hóró ṣúgà 32,120. Ó gbé bíró rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Tíṣà, ló tẹ̀lé mi lọ. Wọn ò jẹ́ kí dókítà rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ má da ara yín láàmú. Látìgbà tí ìyàwó ẹ̀ ti kú, inú ọ̀rá búrẹ́dì ló ti ń jẹun. Ilé mi ló ń bọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo nílé."

Wọ́n ní, "Ilé ní kọ́kọ́rọ́. A ó tì í."

Tọ́rọ́, ìwọ náà mọ ilé wọn. Agogo ìjẹun, agogo ìsùn, àti agogo tí wọ́n ń lù láti fi sọ fún èèyàn pé agogo ń bọ̀. Ó ti pé ogún ọdún tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì kúrò ní ipò ọ̀gá ilé-ìwé, agogo ò tíì fẹ̀yìn tì. Ilé tí èmi ń gbé yìí, èmi ni mo fọwọ́ ara mi mọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀, 2,314. Méje péré ló fọ́, mo sì mọ ibi tí mo kó àfọ́kù wọn sí. N kò lè ti irú ilé bẹ́ẹ̀ pa nítorí búrẹ́dì.

A fa ọ̀rọ̀ náà títí, dókítà ló là wá. Àdéhùn wa ni pé lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin, Ìyá Tíṣà máa wá jẹun àárọ̀ lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá gbé búrẹ́dì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe síwájú wọn, tí kò sí ṣúgà nínú rẹ̀, tó sì ṣeé jẹ, mo dúró sílé mi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àpò kan péré ni wọ́n ní kí n dì. Ó ku ọjọ́ 86.

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni ìwọ wà. Ọdún kẹta rèé tó o ti ń kọ ọ́ sí mi pé kò sí páànù kan níbẹ̀ tí kì í gba ọwọ́ rẹ kọjá. Ó yá, kọ́ mi. Mo gbọ́ pé irú kan wà tí kì í pẹ́, tí èèyàn kò ní í dúró dè é kó wú: wọ́n á pò ó, wọ́n á sun ún, ó parí. Irú yẹn ni mo fẹ́. Mo ní ìkòkò ńlá kan, mo ní èédú, mo sì ní ọwọ́ méjì.

Èmi ni, bàbá rẹ.


Ọjọ́ 15, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù débi pé n kò lè pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ṣé ẹ ń sùn dáadáa? Ṣé òùngbẹ náà ti dín?

Inú ń bí mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán. Lẹ́tà mẹ́rin lẹ kọ sí mi lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìròyìn òrùlé aládùúgbò yín. Mi ò ka ìròyìn ẹ̀jẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan. Ṣé òrùlé yẹn ló bí mi ni?

Ní ti búrẹ́dì, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò le rárá, ojoojúmọ́ là ń ṣe é níbí. Ẹ wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́ta tó ti pọ́n kọjá pípọ́n, èyí tí èèpo rẹ̀ ti dúdú. Òun ló máa dùn dípò ṣúgà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí á fi rọ̀. Ẹ fi ẹyin méjì sí i, òróró ìdajì ife, fúláwà ife méjì, békìn páúdà ṣíbí kékeré méjì, àti iyọ̀ díẹ̀. Ẹ pò ó dáadáa. Ẹ fi òróró pa inú agolo, ẹ dà á sí i. Ẹ da yanrìn sísàlẹ̀ ìkòkò ńlá yẹn, ẹ gbé agolo lé e, ẹ dé e, kí ẹ kó èédú sábẹ́ àti sórí ìdérí. Ẹ sun ún títí á fi jinná. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà iye ègé tí ẹ lè jẹ lóòjọ́, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ní adùn tirẹ̀.

Ìyá Tíṣà ò ní rí yín gbé lọ.

Ọmọ yín, Tọ́rọ́.


Ọjọ́ 1, oṣù kẹta

Tọ́rọ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ̀gá rẹ náà. Lẹ́tà rẹ fi ọjọ́ mẹ́jọ dé. Dókítà ní ègé méjì lóòjọ́. Búrẹ́dì náà ti jáde, mo sì fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ ibi tí ìpìlẹ̀ ti yẹ̀.

Ibi ọ̀rọ̀ yanrìn yẹn ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ balẹ̀. Mo jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni fẹ́ rẹ́ ògiri. Lẹ́yìn náà, o ní kí n pò ó dáadáa. Ọdún 38 ni mo fi po sìmẹ́ńtì, kò sí ẹni tó máa kọ́ mi ní ohun tí wọ́n ń pè ní dáadáa. Mo fọ ṣíbí ìkọ́lé mi tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́rin pẹ̀lú ọṣẹ. Mo da fúláwà sórí pákó mímọ́, mo yí i ní gbígbẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbẹ́ kòtò sáàárín rẹ̀, mo da ẹyin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú kòtò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ní tútù. Ìṣẹ́jú 45 gbáko. Nígbà tí mo ṣe tán, kò sí kókó kan nínú rẹ̀. O lè fi rẹ́ ààfin.

Lẹ́yìn wákàtí kan, mo ṣí ìkòkò. Orí rẹ̀ ti sán láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí oòrùn tètè pa. Ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kan pàápàá mọ̀ pé ohun tó bá sán, omi ló ń fẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni mo po fúláwà pẹ̀lú omi, mo fi dí ibi tó sán, mo dan án. Mo fi àpò tútù bò ó, mo sì ń fi omi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kó lè gba agbára. Mo wá sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì.

Ó gba agbára.

Mo jù ú sílẹ̀ láti ibi orúnkún bí a ṣe ń dán búlọ́ọ̀kù wò. Kò fọ́, kò ya. Ewúrẹ́ aládùúgbò wá gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí lójú, ó bá tirẹ̀ lọ. Òun ló ń di ilẹ̀kùn yàrá àlejò mú báyìí kí atẹ́gùn má baà máa gbá a. Bí ó bá jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù ni, mo fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ti búrẹ́dì, mo ní ìbéèrè mẹ́fà.

Ìkíní, ìgbà mélòó ni ṣíbí gbọ́dọ̀ yí? Ìkejì, o ní "títí á fi jinná": ìṣẹ́jú mélòó ló wà nínú "títí"? Ìkẹta, o ní iyọ̀ "díẹ̀". Ta ló ń fi "díẹ̀" kọ́lé? Ìkẹrin, èédú mélòó lábẹ́, mélòó lórí? Ìkarùn-ún, ibo ni kó kún dé nínú agolo? Ìkẹfà, kí ló fà á tó fi sán?

Ẹyin méjì ti lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ti lọ. Ó ku ọjọ́ 60.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ 14, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrójú. Ibi tí mo ti ń ka lẹ́tà yín lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ̀rín ti pa mí, mo fi apá gbá páànù méje lulẹ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ yíjú sí mi.

Bàbá mi, ta ló ń fi omi rin búrẹ́dì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi rin ín mọ́. Ẹ má dí i, ẹ má dan án, ẹ má sì jù ú sílẹ̀ láti ibi kankan. Bó bá sán, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn ìbéèrè tó kù, ẹni tó ń yan búrẹ́dì kì í ka nǹkan. Ojú ló fi ń wò ó, imú ló fi ń gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é níbí. Bóyá kí ẹ rin kárọ́ọ̀tì kan sí i nígbà tó ń bọ̀, ó máa rọ̀ ọ́.

Ìyá Tíṣà kọ̀wé sí mi. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá apá ọ̀tún lẹ fi ń sùn tàbí apá òsì, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa kọjú ibùsùn yín sí. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Kí ni kí n sọ?

Ọmọ yín, Tọ́rọ́.


Ọjọ́ 26, oṣù kẹta

Tọ́rọ́,

Mo kí ọ. Sọ fún wọn pé ìdúró ni mo ń sùn.

Mo ti ṣe èkejì. N kò fi omi rin ín, n kò dí i. Mo rin kárọ́ọ̀tì sí i bí o ṣe wí, mo sì pò ó fún ìṣẹ́jú 45 bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìṣó láti fi wọn méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ gíráàmù 950, ti èkejì jẹ́ 910. A ti ń tẹ̀ síwájú pẹ̀lú gíráàmù 40. Ọ̀bẹ kò ràn án, ayùn ni mo fi gé e. Mo jẹ ègé kan. Ó dà bí ẹni ń jẹ tìmùtìmù.

Ìbéèrè mẹ́fà ni mo bi ọ́. Ọ̀kan ni o fọwọ́ bà, ìyẹn náà ò délẹ̀. O ní ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Mo bá birikila kan ṣiṣẹ́ rí tó jẹ́ pé ojú ló fi ń wọn ògiri. Ògiri rẹ̀ ti ń wo ilẹ̀ báyìí, bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti ń le níbí. Ìyá Tíṣà ti fi ìwé ohun tí mo máa mú dání ránṣẹ́: síńgílẹ́ẹ̀tì méjì, ṣòkòtò mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ "kò sí rédíò" lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sì ti rí ẹni tó máa háyà ilé mi, ọkùnrin kan tó ń sin adìyẹ. Ó wá lánàá, ó wọn pálọ̀ mi. Ó ní igba adìyẹ máa gbà á dáadáa. Pálọ̀ tí mo rẹ́ ògiri rẹ̀ títí ó fi ń dán bíi dígí.

Tọ́rọ́, n kò bínú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè keje. Ṣé o ti fi ọwọ́ ara rẹ yan búrẹ́dì rí?

Ó ku ọjọ́ 35.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ 12, oṣù kẹrin

Tọ́rọ́,

Ọjọ́ 17 rèé. Lẹ́tà ń fi ọjọ́ mẹ́jọ lọ, ó ń fi mẹ́jọ bọ̀, nítorí náà ó yẹ kí n ti gbọ́ nǹkan lánàá. Bí ìbéèrè keje bá wúwo jù, fi í sílẹ̀, dáhùn mẹ́fà ìṣáájú.

Ọlọ́sìn adìyẹ tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé adìyẹ kan dání, ó ní kí òun wò ó bóyá ilé náà máa bá a lára mu. Ó bá a lára mu. Ó yé ẹyin sórí àga mi. Mo gba ẹyin náà mú, torí méjì ni búrẹ́dì ń gbà, ó sì ku ẹyọ kan nílé.

Ó ku ọjọ́ 18. Kọ̀wé.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ 13, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Mi ò yan búrẹ́dì rí. Ibi ìfọ̀páànù ni mo wà. Irọ́ kọ́ ni mo pa pé gbogbo páànù ń gba ọwọ́ mi kọjá, 340 lójúmọ́; ṣùgbọ́n wọ́n á ti yọ búrẹ́dì kúrò nínú wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ibí ni ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ yín ti di oníbúrẹ́dì. Aránṣọ òdìkejì wa pàápàá kọ̀wé kí mi. Mi ò mọ ọ̀nà tí mo máa gbà sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ohun tí mo kọ sí yín nípa búrẹ́dì, ohun tí mò ń rí láti ẹnu ọ̀nà ni.

Nígbà tí ìbéèrè keje dé, mo sunkún díẹ̀. Mo wá kó mẹ́fà tó kù lọ bá ìyá tó ń po fúláwà fún wa, èyí tí irun ojú rẹ̀ kì í ṣàì funfun. Mo túmọ̀ wọn fún un. Nígbà tí mo dé ibi àpò tútù, ó jókòó sórí àpò fúláwà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá yẹn fẹ́ mọ iṣẹ́. Ìwọ ńkọ́?"

Ó ní kí n ṣe é lójú òun lọ́sàn-án lẹ́yìn iṣẹ́. Tèmi náà le bí òkúta. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ọwọ́ ìfọ̀páànù lo fi pò ó. Kò sí ìdọ̀tí nínú ẹ̀ tó ò ń wá." Bàbá mi, àṣìṣe kan náà ni èmi àtẹ̀yin ṣe. Bí wọ́n bá ti ń po fúláwà tútù, bẹ́ẹ̀ ló ń fà bíi rọ́bà, tí á sì le. Sìmẹ́ńtì, ẹ ń pò ó kó lè le. Èyí, ẹ yára fi í sílẹ̀ kó má baà le.

Èsì yín nìyí. Ṣíbí igi ni kí ẹ lò, ìgbà 12 ni kó yí, kó dúró, kódà bí ẹ bá ṣì ń rí kókó fúláwà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 50 ni "títí". Iyọ̀, ìdajì ṣíbí kékeré. Èédú, ìyá tó bí obìnrin náà fi ìkòkò ṣe é rí: mẹ́jọ lábẹ́, méjìlá lórí. Kó kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta agolo. Ní ti sísán, orí rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jinná, inú á ṣì máa dìde, ó sì gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde. Ó ní èyí tí kò bá sán ni kí ẹ bẹ̀rù.

Mo pẹ́ nítorí mo fẹ́ kí ọwọ́ mi ti ṣe ohun tí mo bá kọ. Ìgbà mẹ́rin ni mo ṣe é. Ìkẹrin ló gbọ́ràn.

Ẹ forí jì mí.

Tọ́rọ́.


Ọjọ́ 23, oṣù kẹrin

Tọ́rọ́ mi, ọmọ bàbá rẹ̀,

Mo jókòó bí o ṣe wí. Mo tún dìde nígbà tí mo kà á tán, torí ẹ̀yìn ń ro mí.

Mo ti mọ̀ láti oṣù tó kọjá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í sọ pé ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Iye ló máa sọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí, n kò sọ ọ́ fún ọ rí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ru omi fún àwọn birikila kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣíbí lé mi lọ́wọ́. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn, ìyá mi ń sọ fún ayé pé ọmọ òun ń kọ́lé. N kò já wọn nírọ́. Omi náà wà nínú ilé, àbí kò sí níbẹ̀?

Lánàá ni mo ṣe ẹ̀kẹta. Ìgbà 12. Nígbà tó pé 12, mo wo inú àwo, mo rí kókó mẹ́rin. Ọdún 38 ni mo fi ń lé ọmọ iṣẹ́ kúrò nítorí kókó kan ṣoṣo. Mo gbé ṣíbí jù sórí àpótí aṣọ kí n má baà rí i mú, mo jókòó lórí ọwọ́ mi méjèèjì. Nígbà tí ìṣẹ́jú 50 pé, mo ṣí i. Ó ti wú, ó sán láàárín gbùngbùn, ó sì pọ́n. Mo ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo kàn ń wò ó. Ọ̀bẹ wọlé. N kò lo ayùn. Ó dùn ní ìwọ̀nba, adùn tó jẹ́ pé ó máa ń dé orí ahọ́n tán kó tó kí èèyàn. Kí n tó ṣíwọ́ ṣúgà, n kò rò pé mo lè gbọ́ irú rẹ̀.

Wàhálà kan ló kù, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí mo bá ti ní kí obìnrin tó ń tà á bá mi ṣa èyí tó dúdú jù lọ, ó máa wò mí títí. Lánàá ó fi méjì kún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà. Mo gbà á. Èèyàn kì í kọ àdúrà, pàápàá èyí tó bá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú.

Ó ku ọjọ́ méje. Ìyá Tíṣà ti ní kí n ti di àpò sílẹ̀ kí àyè má baà há mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ 1, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Àárọ̀ yìí ni lẹ́tà yín dé, àná sì ni ọjọ́ náà. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Mo ka ibi ìyá yín nígbà mẹ́ta.

Ọ̀gá mi ti ní kí n máa po fúláwà lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún tó kù, páànù ni. Ẹ lè sọ ọ́ fún aránṣọ: ìdá kan nínú mẹ́fà mi ti di oníbúrẹ́dì.

Ohun kan ni mo gbàgbé láti sọ, ó sì ti pẹ́ jù. Ẹ má gbé gbogbo búrẹ́dì náà síwájú Ìyá Tíṣà. Ègé méjì péré ni kí ẹ gé, kí ẹ fi ìyókù pamọ́. Wọn kì í kúrò níbi tí oúnjẹ bá ti dáa.

Ẹ kọ̀wé kíá. Mi ò lè sùn.

Tọ́rọ́ yín.


Ọjọ́ 11, oṣù karùn-ún

Tọ́rọ́ mi,

Ìkíní mi pọ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi wọ́n sí ìparí. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù yìí. Ì bá ṣe pé ó dé ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú.

Ìyá Tíṣà dé ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ àdéhùn, ọlọ́sìn adìyẹ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀. Wọ́n fi awò ojú wọn sójú, wọ́n ṣí gbogbo agolo ilé ìdáná wò, wọ́n ń wá ṣúgà. Wọ́n tọ́ iyọ̀ wò láti mọ̀ bóyá iyọ̀ ni. Mo gbé búrẹ́dì jáde.

Wọ́n ní, "Ó sán."

Mo ní, "Ó gbọ́dọ̀ sán ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ birikila, ò ń gbé ohun tó sán fún mi, o tún ń sọ pé ó gbọ́dọ̀ sán?"

"Ilé ni kò gbọdọ̀ sán. Èyí tí kò bá sán nínú búrẹ́dì, kò dìde ni."

Wọ́n gé ègé kan. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń wo òkè àjà. Wọ́n gé èkejì, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ti àkọ́kọ́ ṣèèṣì ni. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àárín rẹ̀ ni àwọn kò tíì yẹ̀ wò. Ègé mẹ́jọ ni mo gé e sí. Wọ́n jẹ mẹ́fà. Ọlọ́sìn adìyẹ jẹ ọ̀kan, ó ká okùn rẹ̀, ó ní kò yẹ kí wọ́n kó adìyẹ sínú ilé tí irú nǹkan báyìí ti ń jáde. Èmi jẹ ọ̀kan.

Wọ́n fún mi ní méje nínú mẹ́wàá. Wọ́n yọ ọ̀kan nítorí ó sán, ọ̀kan nítorí àwo tó lẹ́nu bíbù, ọ̀kan nítorí wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní mẹ́wàá. Wọ́n ní, "O lè máa gbé ilé rẹ." A lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kejì: mọ́kànlá ti di mẹ́jọ. Tọ́rọ́, ìwọ náà jẹ nínú ayọ̀ yẹn, torí ìwọ lo fi ọwọ́ rẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tó yẹ kí lẹ́tà yìí parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní ìdánwò ọjọ́ kan kì í ṣe ìdánwò, àwọn máa tún un jẹ lọ́la. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnìkan gbé àpótí wọn dé. Lọ́jọ́ kẹrin, agogo dé. Ọjọ́ 11 rèé. Wọ́n ń lù ú nínú pálọ̀ mi, ògiri náà sì dán débi pé ohùn rẹ̀ kò rí ibi wọ̀, ó kàn ń yí po. Búrẹ́dì kan lóòjọ́, ẹyin 22, ọ̀gẹ̀dẹ̀ 33. Obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ fún mi.

Mo bẹ̀ ọ́, bá mi béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń po fúláwà yẹn, kó kọ iye rẹ̀ sí i: báwo ni mo ṣe ṣe ti àkọ́kọ́ tó le yẹn? Lánàá mo tún fi ìṣẹ́jú 45 pò ó, mo sì fi omi rin ín nígbà tí wọ́n ń sùn. Ó rọ̀. Ọwọ́ mi ti bàjẹ́.

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo kí ọ.

Bàbá rẹ.

Tọ́rọ́, Ìyá Tíṣà ló ń kọ èyí. Mo ti ka lẹ́tà yìí. Àṣìṣe mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, mo sì ti tún wọn ṣe. Èmi ni kí o máa fi èsì ránṣẹ́ sí. Ti àkọ́kọ́ tí ó ń wá, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn yàrá tí mò ń sùn ló wà. Ó di ilẹ̀kùn náà mú dáadáa. Mo fún un ní mẹ́jọ.